Orúkọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sọ Ajá

Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọkọ̀ onígbòkun rẹ̀ ta á lọ́rẹ nígbà tó ń lọ sílé pátápátá. Àpápá ni wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, tó bá sì di òpin ọ̀sẹ̀, àwọn méjèèjì máa ń tu ọkọ̀ náà gba etí òkun lọ sí ìhà Àgbádárìgì. Ìgbà tí owó epo ń gun èèyàn lórí nìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá ti fi kún owó oṣù rẹ̀, mọ́tò ni yóò rà tàbí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tèmi, ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnnì ló ń fi yangàn nílé tí a háyà ní Ìsọlọ̀, níbi tí èèyàn kò ti lè gbọ́ ìró òkun bó ti wù kó tẹ́tí tó.

Àwọn tí a jọ gbélé fi wá ṣẹ̀fẹ̀ títí. Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, èmi ni mo sì bá a rán ìgbòkun náà nígbà tó ya. Bí mo ṣe tẹ́ ẹ sí àárín àgbàlá, ìyá kan bi mí bóyá ibùdókọ̀ Bọ́ládé ni ọkọ̀ náà yóò ti máa kérò. Èmi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gba irú ẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó lọ mú ọmọ ajá aláwọ̀ ilẹ̀ kan wá, ó sì sọ ọ́ ní Ẹ-fi-mí-sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa yóò mọ̀ pé ajá kọ́ ló ń bá wí. Láràárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á fi gbogbo ẹnu pe orúkọ náà, ajá á sáré wá, àwọn ará ilé á sì pòṣé. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Nítorí orúkọ yìí kan náà, a ò lè fi ajá sílẹ̀ nílé tí a bá ń jáde, ká má baà padà wá bá òkú ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tó fi bá wa wọkọ̀ láàárọ̀ Sátidé kan nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí ìtọ́kọ̀, ajá wà níwájú, èmi di etí ọkọ̀ mú gírígírí. A kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ ńláńlá tó kó sìmẹ́ńtì dé tí wọn ò ráyè wọ èbúté, àwọn atukọ̀ wọn sì ń juwọ́ sí ajá wa. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó ń kọrin. Ó ní a ó jẹ ẹja yíyan ní Àgbádárìgì, a ó sùn síbẹ̀, a ó sì padà lọ́jọ́ kejì.

Ọyẹ́ ló bà á jẹ́. Láti orí ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kùrukùru rẹ̀ sì bo etíkun títí a ò fi rí igi àgbọn kan ṣoṣo mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ darí ọkọ̀ padà. Bó ṣe ń yí i, igi gbọọrọ tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú fì wá lójijì, ó sì gbá a lẹ́bàá etí. Ó jókòó, ó ní kò sí nǹkan. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Lẹ́yìn náà kò mọ ibi tí a wà mọ́, ó sì ń fi orúkọ bàbá wa pè mí.

Mo mọ ìgbòkun í rán, mi ò mọ̀ ọ́n í ká. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi, omi sì ń gbé wa lọ. Mo gbé orí ẹ̀gbọ́n mi lé itan, mo ń bẹ Ọlọ́run, mo tún ń bínú sí I. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀ létí rẹ̀. Mo mọ̀ pé tí mi ò bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ibi tí mo wà nìyẹn tí mo fi gbọ́ ìró àjẹ̀ nínú omi. Mo gbọ́ ohùn àwọn apẹja. Wọ́n sún mọ́ wa, kùrukùru ni kò jẹ́ ká rí ara wa. Ajá ti gbọ́ wọn ṣáájú mi. Ó gbó títí, ó bẹ́ sómi, ó sì ń wẹ̀ lọ síbi tí ohùn náà ti ń wá. Ohun tí ẹnikẹ́ni á ṣe ni mo ṣe, mo pè é.

"Ẹ-fi-mí-sílẹ̀! Ẹ-fi-mí-sílẹ̀ o!"

Àjẹ̀ dákẹ́. Mo tún pè é, pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ohùn àgbàlagbà kan wá dá mi lóhùn nínú kùrukùru, láìfi ìbínú sọ ọ́.

"Ó ti tó. A ti ń lọ."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi, wọ́n ti yí ọkọ̀ padà, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wà á kíákíá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé kí wọ́n gbà wá, pé ajá ni mò ń pè, pé ẹ̀gbọ́n mi ń kú lọ. Afẹ́fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi, ó gbé e lọ sínú òkun. Mo ké títí ohùn mi fi há. Mo ṣépè fún òyìnbó, mo ṣépè fún gbogbo ará ilé wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá náà kò padà.

Ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ yí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá bọ̀ sí etíkun. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń mí nígbà tí kùrukùru ká tí mo rí àgbọn. Mo sọ fún un pé a ti ń dé, ó sì di ìka mi mú. Kí ìgbì tó gbé wa jù sórí iyanrìn, ọwọ́ rẹ̀ ti tú.

Àwọn apẹja tó ti rí ìgbòkun wa lókèèrè sáré wá. Bàbá arúgbó kan wà láàárín wọn, ó fi okùn fa ajá wa lọ́wọ́. Ó ní inú omi ni àwọn ti yọ ọ́ lẹ́yìn tí a lé àwọn. Wọ́n rò pé onífàyàwọ́ ni wá, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn fún àwọn. Mo sọ fún un pé orúkọ ajá ni. Ó fi okùn ajá náà lé mi lọ́wọ́.

Mo bi í bóyá ọsibítù jìnnà síbi tí wọ́n ti gbọ́ ohùn mi. Bàbá náà bọ́ aṣọ èjìká rẹ̀, ó fi bo ẹ̀gbọ́n mi lójú, ó sì tẹ etí aṣọ náà mọ́lẹ̀ dáadáa kó tó dá mi lóhùn.

"Kò jìnnà."