Ẹja Oníyọ̀ Bàbá Ẹnjinníà

Òórùn ẹja ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, ẹja tí ìyàwó mi fi iyọ̀ ra lára tó sì sá sórí páànù lẹ́yìnkùlé wa ní Dutse Alhaji, tí àwọn alájọgbélé ń yínmú sí wa. Nígbà yẹn, awakọ̀ ni mí nílé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta ní Mpape. Bàbá ẹnjinníà kan, ará Filipíìnì, tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ni mo ń gbé kiri. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Nígbà tó yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nílùú tàwọn, ọwọ́ àgbà lọmọdé máa ń gbé kan iwájú orí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mú wọn ní bàbá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ń bá wọn fínra. Nọ́ọ̀sì ibi iṣẹ́ wa ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n dín ìrẹsì kù, kí wọ́n sì jìnnà sí iyọ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì funfun àti ẹja oníyọ̀ ni bàbá fi ń gbàgbé pé ilé jìnnà. Nígbà tí èyí tí wọ́n kó wá láti ilé tán, wọ́n ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì gbé iṣẹ́ náà fún ìyàwó mi. Ó bi mí pé, "Ṣebí ẹ ní wọ́n ti ka iyọ̀ léèwọ̀ fún bàbá yẹn?"

Mo ní, "Ta ni mí tí màá fi sọ fún àgbà pé kó má jẹun?"

Mo ka ara mi sí ọmọlúàbí. Bí nọ́ọ̀sì bá mú mi sí kọ̀rọ̀ láti bi mí bóyá bàbá ṣì ń jẹ iyọ̀, màá ní rárá o, torí mi ò fẹ́ kí àṣírí àgbà ti ọ̀dọ̀ mi tú. Kò sí òwe ọ̀wọ̀ àgbà tí mi ò mọ̀, àfi èyí tó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fáìlì bọ́ lọ́wọ́ bàbá nínú ọkọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, ẹnu wọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo sáré gbé wọn dé ọsibítù. Nígbà tí dókítà bèèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ òótọ́, ojú sì tì mí gidigidi. Ọpẹ́ ni pé wọn kò kú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rọ. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin wọn wá mú wọn lọ sílé, mo gbé ọwọ́ tó rọ náà kan iwájú orí mi. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá mi lẹ́yìn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Èmi náà ti lé lọ́gọ́ta báyìí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà lápò mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo nawọ́ sí iyọ̀ lórí tábìlì, àbígbẹ̀yìn mi obìnrin sì tètè gbé e kúrò. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, ẹ ò ní jẹ iyọ̀ yìí." Inú kọ́kọ́ bí mi, pé èmi lọmọ ń kọ oúnjẹ fún nínú ilé mi. Nígbà tó yá, mo ṣàdúrà fún un. Ká ní mo yájú sí bàbá báyìí nígbà yẹn, bóyá ọwọ́ ọ̀tún wọn ì bá ṣì máa gbé ṣíbí dé ẹnu.