Ọ̀nà Kaboua tí Ẹsẹ̀ Lùkúmọ́nù Mọ̀

Orí kunkun ọkọ mi Lùkúmọ́nù, Ọlọ́run nìkan ló lè bá a wí. Láti ọdún tí ìjọba ológun ní ká máa pe ara wa ní kámáráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni fà á lọ́wọ́. "Ẹsẹ̀ mi ń ríran," ni yóò máa wí.

Kì í ṣe irọ́ o. Láàárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, á kúrò nílé wa ní Savè, á mú ọ̀nà àtijọ́ tó lọ sí Kaboua, èyí tí àwọn baba wa ń rìn kí òyìnbó tó la ojú irin, á sì dá nìkan lọ sí oko iṣu rẹ̀. Mo bá a lọ rí. Á máa gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rìn lójú àlá: "Ilẹ̀ ti tutù níbí, a ti dé abẹ́ òkè. Iyanrìn rèé, ibi tí bàbá mi ti máa ń sọ̀ ẹrù kalẹ̀. Òórùn òdòdó kajú nìyẹn." Ohùn rẹ̀ á di ti ọ̀dọ́mọkùnrin, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́. Ǹjẹ́ mo sọ fún un? Rárá o. Mo ní kó lọ wọ ọkọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọba gba ilẹ̀ ibẹ̀ fún oko àjọni, katakata sì tú ọ̀nà náà mọ́ oko. Ibà dá Lùkúmọ́nù dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, kò gbọ́. Èmi gbọ́, ẹnu mi ò gbà á. Ibẹ̀ nìkan ló kù tó ti lè dá rìn láyé yìí, báwo ni n ó ṣe wí i?

Ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá, ó mú ọ̀pá, ó jáde. Mo ń yọ́ tẹ̀ lé e. Ó kọjá abẹ́ òkè, ó ń kọrin jẹ́jẹ́, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Ó yà sọ́tùn-ún, ilẹ̀ títú ni. Ó yà sósì, bákan náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ọ̀nà nínú erùpẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bú sẹ́kún.

"Ìyá Alimatou," ló wí, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn, "mo ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ bọ̀ láti àárọ̀. O mọ̀, àbí?"

"Mo mọ̀, Bàbá Alimatou. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Èmi tí n kò ríran ò sunkún, kí ni tìrẹ? Wá fà mí lọ́wọ́."

Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà kí n fà á. Mo nawọ́ sí i. Ọlọ́run gbọ́, ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá ọwọ́ náà dànù bó ti máa ń ṣe.