Ajá Tí Kò Gbó

Lánàá, obìnrin kan mú ajá tí òjò ti pa wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham. Òórùn irun tútù yẹn rán mi létí Grandad, bàbá òyìnbó tó tọ́jú mi ní abúlé wọn nílùú òyìnbó níbí nígbà tí Mummy ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Camberwell.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú mi lọ yan ajá ọdẹ lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń ta ajá. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì wọn, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wọ ihò lọ lé ehoro jáde, wà nínú àpótí lórí itan mi. Ajá ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú kan rí i, ó ń gbó ṣáá. Èkejì, tó ga tó sì tín-ín-rín, gbóòórùn rẹ̀, ó dákẹ́, ó gbórí lé orúnkún mi.

“Èwo ká mú?” Grandad bi mí.

“Èyí tó dákẹ́. Tí ajá bá ń gbó, ehoro ò ní jáde.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Grandad, ṣé èmi náà á máa bá yín lọ?”

Wọ́n fi okùn sí ajá náà lọ́rùn. Mi ò mọ̀ pé lẹ́tà tí Mummy fi sọ pé àwọn ń bọ̀ wá mú mi lọ lọ́jọ́ Sátidé ti wà lápò Grandad láti àárọ̀.

Wọ́n ní kí n sọ ajá náà lórúkọ. Mo fún un ní oríkì mi, Àjíkẹ́. Grandad gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó pè é dáadáa, èmi àti ajá náà sì jọ yíjú sí wọn.