Oníbàárà Tí Kò Gba Ènì

Nígbà tí ọ̀gá mi ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa, ìyẹn ọ́fíìsì tí a ti ń bá àwọn oníṣòwò Nàìjíríà gba ẹrù jáde ní pọ́ọ̀tù Kùtọnu, ohun tó ṣẹ́ kù fún mi ni kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti èdè mẹ́ta: Yorùbá tí wọ́n bí mi sí, Faransé tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi nílé ìwé, àti Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń bú wa nítorí ẹrù tó pẹ́. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò rí wàhálà kankan níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ta bọ́tìnnì, òwú, síìpù àti abẹ́rẹ́ ní ọjà Dantokpa, orúnkún sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Ọlọ́run ló ti ọ́fíìsì yẹn. Ó rí i pé mò ń wá ẹni tó máa jókòó sí ìsọ̀ fún mi."

Èmi ò fẹ́ jókòó sí ìsọ̀, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo fẹ́ máa ṣe, lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo ṣàlàyé pé ọjà kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ní iṣẹ́ ti ń kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á sì máa rọ́ wá láti gbogbo ayé, oníkálukú á máa ní òun ni kí wọ́n gbé e fún. Ìyá mi gbọ́ ọ dópin.

"Ta ló mọ̀ ẹ́ níbẹ̀?"

Mo ní kò sí.

"Ìwọ náà ńkọ́, ta lo mọ̀?"

Mo ní kò sí.

"Ẹ ò sì ní fojú kan ara yín?"

Mo ní rárá. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Háà! Iṣẹ́ ajínigbé nìyẹn."

A bá ara wa jiyàn títí a fi dá àdéhùn. Títí òjò ọdún yẹn á fi dáwọ́ dúró ni ìyá mi fún mi. Bí mo bá ṣì wà lórí ọjà náà nígbà yẹn, tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí sì ń yìn mí, ìyá mi á wá ẹlòmíràn sí ìsọ̀, kò sì ní dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láyé. Bí wọ́n bá lé mi, kí n gbé àpótí ìjókòó mi lọ sí Dantokpa láìráhùn. Ìyá mi kì í ṣàdéhùn kó yẹ̀ ẹ́, èmi náà sì mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ bí ọmọlúàbí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní iṣẹ́ tí mo bá kọ̀wé sí, màá kí i kú iṣẹ́, màá béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, màá kí i kú òtútù tí mo gbọ́ pé ó ń mú lọ́dọ̀ wọn. Kí n tó dé orí ohun tí mo lè ṣe, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ á ti kún. Ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ni ní Calavi, lẹ́yìn odi Kùtọnu, ka ìwé kan nínú wọn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tí ò mọ̀ ẹ́ rí, àlàáfíà rẹ̀ wo lò ń béèrè? Sọ ohun tó o lè ṣe, kó o panu mọ́." Mo yọ gbogbo ìkíni kúrò. Lọ́jọ́ kẹta, mo ríṣẹ́. Ó dùn mí wọra pé ìkíni mi ló ti ń lé wọn sá.

Ọkùnrin kan ló gbé e fún mi, tó ń ta ohun èlò ilé ní ìlú òtútù kan. Ogún ọjà ló fẹ́ kí n túmọ̀ àpèjúwe wọn láti Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣe é tọkàntọkàn. Mo wá gbéra lọ sí ìsọ̀ ìyá mi láti fọ́nnu pé mo ti parí rẹ̀, ó ku kí n fi ránṣẹ́.

Ìyá mi ní, "Kí lo fi ṣe ènì fún un?"

Mo ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

"Ta ló sọ fún ẹ? Oníbàárà àkọ́kọ́! O fẹ́ kó ra ọjà lọ bí ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ ọ̀tá?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, lójú tèmi nígbà yẹn. Ẹni tó bá ra bọ́tìnnì méjìlá lọ́wọ́ ìyá mi, mẹ́tàlá ló máa gbé lọ. Ẹni tó bá ra síìpù, abẹ́rẹ́ kan á bá a lọ. Àwọn aránṣọ tó ti kó lọ sí Calavi ṣì ń gun ọ̀kadà wá sọ́dọ̀ rẹ̀, síìpù kò sì wọ́n ní Calavi. Mo padà sílé, mo wo ilé ìtajà ọkùnrin náà lórí ayélujára, mo rí ọjà méjì tí kò kọ mọ́ ogún, mo túmọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó kọ síwájú ilé ìtajà rẹ̀ wọ́, mo bá a tún un ṣe. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀bùn ni o, kó má san kọ́bọ̀ lé e. Inú mi dùn bí mo ṣe ń fi í ránṣẹ́.

Èsì rẹ̀ kò gùn. Ó ní ogún lòun béèrè, kí ni méjì yìí? Ta ló ní kí n fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ iwájú ilé ìtajà òun? Kí ni mò ń wá? Mo yára ṣàlàyé. Ìpínrọ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ṣàlàyé ohun tí à ń pè ní ènì fún un, mo sì rò pé àlàyé yẹn gan-an ló dẹ́rù bà á jù.

Lórí ọjà yìí, ìràwọ̀ ni ojú èèyàn. Bí o bá ti parí iṣẹ́, ẹni tó gbé e fún ọ á fún ọ ní ìràwọ̀ láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún, gbogbo ayé á sì máa rí i. Ó fún mi ní méjì. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: "Kò lè tẹ̀lé ìlànà. Ó ń ṣe ohun tí wọn ò rán an." Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn tó ni ọjà kọ̀wé sí mi pé bí oníbàárà tó kàn bá fún mi ní ìràwọ̀ tí kò tó mẹ́rin, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi.

Ìyá mi bínú jù mí lọ. "A fún èèyàn lénì, ó ń bínú? Ṣé kò ní ìyá ni? Gbé fóònù yẹn wá kí n bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀, Màmá."

"Òun á gbọ́ tèmi. Ẹni tí mo bá bú kì í ṣàì gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ẹlòmíràn tó pè mí. Obìnrin kan tó ní ilé àlejò ni, ó fẹ́ kí n túmọ̀ ìwé ìtọ́nisọ́nà tí àwọn àlejò rẹ̀ ń kà. Ojú ìwé kìíní sọ pé ọ́fíìsì ni kí àlejò ti wá gba kọ́kọ́rọ́, ọjọ́ yòówù kó dé. Ojú ìwé kẹta sọ pé ọ́fíìsì kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Mo rí i kedere. Ẹni tó bá dé lọ́jọ́ Àìkú, ìta ló máa dúró sí. Mo kọ ọ́ pé, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ibì kan," mo wo ìràwọ̀ méjì mi, mo pa á rẹ́. Mo túmọ̀ méjèèjì bí mo ṣe bá wọn. Mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìsọ nǹkan kan.

Ìràwọ̀ márùn-ún! Ó kọ ọ́ pé: "Ó péye. Ohun tí mo ní kó ṣe gan-an ló ṣe." Mi ò tíì ṣiṣẹ́ tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, òun ni wọ́n fi yìn mí. Mò ń ronú kan àlejò tó gbé báàgì dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn tó tì pa, ojú ń tì mí. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi dùn ju bí ojú ṣe ń tì mí lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, èèyàn méjì mìíràn ti gbéṣẹ́ fún mi.

Òjò dáwọ́ dúró. Mo lọ sí Dantokpa lọ fi han ìyá mi. Ó gba fóònù, ó nà án jìnnà sójú, ó fi ìka ka ìràwọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n lé ẹ."

"Màmá!"

"Láti ìgbà tí òyìnbó yẹn ti fún ẹ ní méjì. Mo ní, Ọlọ́run, bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bá mi parí ẹ̀."

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ní kí n fún un lénì?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. "Ìyẹn? Rárá o. Ìyẹn, mo fẹ́ kó dáa fún ẹ ni." Ó dá fóònù padà fún mi. "Wọn ò lé ẹ. Mi ò ní dárúkọ ìsọ̀ fún ẹ mọ́."

Aránṣọ kan dé, ó ń wá síìpù gígùn, èyí tí wọ́n so kọ́ sókè lẹ́yìn ibi tí mo jókòó sí. Ìyá mi fi ọwọ́ méjèèjì ti orúnkún, kò lè dìde. Ó tún gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dúró, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó nawọ́ sókè. Mò ń retí kó ní kí n bá òun mú un. Ó já a wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo jókòó, mò ń ka iṣẹ́ tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi.