Pílọ́ọ̀gì Kẹrin Nínú Mọ́tò Bridget

Ní Ọ̀kà Àkókó, mẹkáníìkì tí kò bá mọ òkè kò tíì mọṣẹ́. Godwin Akínlọ́lá mọ òkè. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló ti ń tún mọ́tò ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ògiri àgbàlá kúkúrú kan péré ló wà láàárín ilé wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iye tó bá pe iṣẹ́ fún ọ lónìí, iye náà ni lọ́la. Kò ní í sọ pé òun tún rí àrùn mìíràn nínú ẹ́ńjìnì.

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́, pílọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sínú ẹ́ńjìnì, fò jáde lára mọ́tò kan tó tún ṣe, lójú òkè, ní ọ̀nà Ìkàrẹ́. Mọ́tò náà kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, ọpẹ́lọpẹ́ òkúta kan tó dá a dúró. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ náà kò kúrò lára Godwin. Láti ìgbà náà, tó bá fẹ́ de pílọ́ọ̀gì, á ki páìpù irin bọ ìdí sípánà kí ó lè gùn, á wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. "Òkè wa kì í ṣe òkè eré," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń fi páìpù de pílọ́ọ̀gì títí dòní.

Tó bá wá kan mọ́tò ìyàwó rẹ̀, á tún tẹ̀ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bridget ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Ìkàrẹ́, ojoojúmọ́ ló ń wa mọ́tò kékeré aláwọ̀ búlúù gòkè, tó ń wà á sọ̀ kalẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mọ́tò náà fi ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà. Nítorí pé kò dá wàhálà sílẹ̀, Godwin kò tú pílọ́ọ̀gì rẹ̀ wò rárá.

Bridget kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, àìsàn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mọ́tò rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, òjò ọdún méjì rọ̀ lé e lórí, ewé máńgòrò bo gíláàsì rẹ̀. Godwin kò fọwọ́ kàn án. Àwọn oníbàárà náà ń dín kù, torí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà wo àrùn mọ́tò ti dé Ìkàrẹ́. Ó di pé kí ó jókòó sábẹ́ igi láti àárọ̀, kí ó máa fi àkísà nu sípánà tó ti mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Peace, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì káńsù ní Òkè-Àgbè. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló máa ń wá, lọ́jọ́ Sátidé. Takisí kan dé Ìkàrẹ́, òmíràn dé Ọ̀kà, èyíkéyìí nínú méjèèjì kò sì ní í gbéra àfi tó bá kún. Kí ó tó dé, ọjọ́ ti lọ, kò ní í rí mọ́tò padà mọ́. Nítorí náà ó máa ń sùn. Nínú oṣù kan gbáko, ìgbà yẹn nìkan ni mò ń gbọ́ ohùn èèyàn méjì láti ilé Godwin.

Nínú oṣù Kejì ọdún yìí, ó dé, ó sì dúró ti mọ́tò náà.

"Dádì, mọ́tò Mọ́mì ń jẹrà. Tó bá lè ṣiṣẹ́, ẹ tún un ṣe, kí n máa wà á. Tí kò bá lè ṣiṣẹ́, onírin àlòkù máa wá gbé e ní Sátidé tó ń bọ̀."

"Ta ló pe onírin àlòkù?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú. Mi ò lè máa rí i báyìí ní gbogbo ìgbà tí mo bá wálé."

Godwin ní òun ti gbọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè ó pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá bá mi tan tọ́ọ̀ṣì." Pílọ́ọ̀gì mẹ́ta jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń ké. Ẹ̀kẹrin, èyí tó wà ní ìkangun, kò mira. Ìpẹtà ti dì í mọ́nú ihò. Bádmus, awakọ̀ takisí tó ń dúró de èrò lẹ́bàá ọ̀nà, wá yọjú.

"Bàbá Peace, páìpù yín dà? Ẹni tó dè é ni kó wá tú u."

"Páìpù náà ló fa gbogbo èyí."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan péré."

"Tó bá kán sínú, tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnì lo máa rà fún mi. Ṣé owó ẹ̀ wà lápò ẹ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Ìmọ̀ràn ni mo dá."

"Lọ máa dá èrò tìrẹ lóhùn."

Òdodo ni Godwin sọ. Pílọ́ọ̀gì tuntun kò wọ́n ju adìyẹ kan lọ, ṣùgbọ́n tó bá kán sínú ihò, owó tí wọ́n máa fi tún tọ́ọ̀pù, irin orí ẹ́ńjìnì tí ihò náà wà lára rẹ̀, ṣe ju ohun tí gbogbo mọ́tò náà tó lọ. Kò sẹ́ni tó máa ná irú owó bẹ́ẹ̀. Onírin àlòkù ló máa gbé e.

Nígbà tí Bádmus lọ, Godwin ki páìpù bọ ìdí sípánà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, kò sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi agbára fà á báyìí, á kán."

"Má fà á nígbà náà."

"Tó bá kán, takisí ni Peace á máa wọ̀ wá."

Kò wo ojú mi. Mo ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn mi: ẹni tó bá wọ takisí wá á sùn, ẹni tó bá wa mọ́tò ara rẹ̀ á jẹun ọ̀sán tán, á máa wo aago. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí apá fi dun èmi tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì.

Nígbà tó ṣe, ó yọ páìpù náà, ó gbé e sílẹ̀. "Ìyá ẹ̀ ló ni mọ́tò yìí," ó ní. "Ẹ bá mi wá kẹrosíìnì díẹ̀."

Ó fi pọ́ǹpù táyà fẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ihò kí ó má baà já sínú ẹ́ńjìnì. Ó kán kẹrosíìnì yí ìdí pílọ́ọ̀gì ká, ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní àárọ̀, a se omi. Ó tú omi tútù inú rédíétọ̀ dànù, ó rọ gbígbóná sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, títí tọ́ọ̀pù fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí irin rẹ̀ lè fẹ̀ díẹ̀. Ó wá fi sípánà kúkúrú yí i sósì díẹ̀, bíi fífẹ̀ èékánná. Ó dá a padà sọ́tùn-ún. Ó kán ọ́ìlì. Ó tún yí i sósì. Tó bá ti le, kì í bá a jà, á dá a padà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni. Nígbà tí pílọ́ọ̀gì náà jáde, gbogbo ojú ẹ̀já rẹ̀, àwọn ìlà tó lọ́ yí i ká, pé, ti inú ihò náà sì pé. Godwin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyí," ó ní, "òdì ni mo ń ṣe é."

Mẹ́rin tuntun ló dè síbẹ̀. Ó ha dúdú inú pẹ́ńsùlù, ó pò ó mọ́ gíríìsì bíntín, ó fi kan ẹ̀já pílọ́ọ̀gì kí ìpẹtà má baà dì í mọ́, kò jẹ́ kó dé ẹnu tí iná ti ń ta. Ọwọ́ lásán ló fi yí i wọlé títí ó fi kan ìdí, lẹ́yìn náà ó fi sípánà kúkúrú yí i ní ìlàjì yíyí, ó tán. Kò wo ibi tí páìpù wà.

Ó pààrọ̀ bátìrì àti epo àtijọ́ inú táǹkì. Ní Sátidé, Peace dé. Mọ́tò náà kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbà ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Peace gbé orí lé sítíà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Dádì, ẹ ò ní í dààmú tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi mọ́. Mo lè wá, kí n padà lọ́jọ́ kan náà."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Godwin ń fi àkísà nu ọwọ́. "Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni kí o máa gbé e wá kí n tú pílọ́ọ̀gì wò. Ẹ́ńjìnì sì gbọ́dọ̀ tutù délẹ̀ kí n tó tú u. Ó máa sùn síbí."

"Ṣé ó máa ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó tutù?"

"Ẹ́ńjìnì àtijọ́ ni."

Peace wò mí. Wákàtí mẹ́ta ti tó fún ẹ́ńjìnì èyíkéyìí láti tutù, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ti tó láti tú pílọ́ọ̀gì wò. Mo ní ẹ́ńjìnì àtijọ́ ni lóòótọ́.

"Ó dáa, Dádì. Oṣù mẹ́ta."

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tó lọ. A gbọ́ mọ́tò náà títí ó fi yí òkúta ńlá tó wà ní kọ́nà ká. Òru méjìlá tí Peace ń sùn síbí lọ́dún ti di mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé Godwin náà ti ṣírò rẹ̀, torí bí ìró mọ́tò náà ṣe tán, ó wọlé lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó na àwo iṣu kan sí mi láti orí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà. Ìwọ̀n èèyàn méjì ni mo sè."