Káàdì Ìbejì Tí N Kò Sàmì Sí

Káàdì méjèèjì wà lórí tábìlì níwájú mi, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti Táyé mọ́.

Oṣù kẹta mi nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní Ìgbó-Ọrà, lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì. Ọ̀gá mi, Àǹtí Ráfíátù, ti lọ sí Èrúwà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kò pẹ́ ni Ìyá Ìbejì dé láti Ìdèrè pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, kálukú gbé kọ̀ǹpútà géèmù tirẹ̀ dání. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà lókè òkun ló fi wọ́n ránṣẹ́, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

Ti Táyé ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ti gbá géèmù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwòrán á máa wọ́, ojú ẹ̀rọ á sì ṣókùnkùn. Ti Kẹ́hìndé kò ní àìsàn kankan. Òun ló fi ń to fídíò ìgbéyàwó fún àwọn oníbàárà, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Mo ní kí ó gbé e padà sílé, ìyá wọn kọ̀.

"Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan là ń ṣe fún èkejì. Nu méjèèjì. Ṣùgbọ́n má pààrọ̀ nǹkan kan nínú ti Kẹ́hìndé o. Mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà."

"A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí, mà."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀!"

Wọ́n gba ọjà lọ. N kò lè sọ pé ó parọ́: àwọn kan wà tó ń yọ ojúlówó tí wọ́n ń fi gbàrọgùdù sí i.

Ìyẹ̀fun láfún tí ìyá wọn ń lọ̀ lẹ́yìnkùlé ló dí fáànù méjèèjì pa. Ẹ̀rọ tó bá gbóná jù á dẹ ìrìn ara rẹ̀ kó má baà jóná, nítorí náà láfún lè fa wíwọ́ yẹn. Kò dá mi lójú pé òun ló fa òkùnkùn. Mo bá yọ káàdì àwòrán, ẹ̀yà tó ń ya ohun tí a ń rí lójú ẹ̀rọ, kúrò nínú méjèèjì, mo sì nù wọ́n títí wọ́n fi ń dán. Láfún orí ti Táyé ló pọ̀ jù. Òun nìkan ni ìbá jẹ́rìí èyí tó jẹ́ tirẹ̀, mo sì ti fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹlẹ́rìí dànù.

Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo ṣàlàyé.

"Ṣé o sàmì sí wọn kó o tó yọ wọ́n?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa. Fi wọ́n sínú ẹ̀rọ Kẹ́hìndé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣókùnkùn, ti Táyé nìyẹn."

Àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sí wàhálà. Ìgbà tí mo fi èkejì sí i, mo bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn. Mo wá yẹ inú ẹ̀rọ Táyé wò: ẹnu wáyà tó ń gbé iná lọ sí káàdì ti jó. Mo pààrọ̀ wáyà náà, ẹ̀rọ Táyé sì dáa.

Iṣẹ́ parí, ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí káàdì inú ẹ̀rọ Kẹ́hìndé bá kú lóṣù tó ń bọ̀, ta ni yóò gbà pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ rẹ̀? Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Níkẹyìn mo tún yọ káàdì méjèèjì, mo tẹ́ wọn sórí aṣọ, mo jókòó tì wọ́n títí Ìyá Ìbejì àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi dé.

"Ẹ̀rọ méjèèjì ti dáa, mà. Ṣùgbọ́n mo ṣàṣìṣe. Mo da káàdì wọn pọ̀. N kò mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni."

Ìyá Ìbejì sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. "Mo sọ ọ́! Kẹ́hìndé, ó ti pààrọ̀ ẹ̀!"

Kẹ́hìndé wo káàdì, ó wo mí.

"Màámi, olè kì í fẹjọ́ ara ẹ̀ sùn. Táyé, ìwọ kọ́kọ́ mú."

"Kí ló dé tó jẹ́ èmi?"

"Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ìgbà wo ni n kò rán ẹ ṣáájú?"

Ìyá wọn fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Táyé mú ti ọ̀tún. Mo fi máàkà kọ orúkọ sára méjèèjì lójú wọn, kí n tó dá wọn padà.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Iṣẹ́ tí Kẹ́hìndé ti júwe wá fún wa kò kéré, ẹ̀rọ rẹ̀ kò sì tíì ṣókùnkùn. Síbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá yọ lójú fóònù mi, mo máa ń jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè gbé e.