Ìtì Igi Fúrúùtù Iwájú Ilé Ìyá Jubril

Bí èèyàn bá dé Bẹ́yẹrúnkà tó ní Muslimat lòun ń wá, wọn á ní àwọn ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá ti ní Ìyá Jubril Oníbọ́tìnnì, gbogbo ọwọ́ ni yóò nà sí ilé kan náà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí obìnrin náà fi ta bọ́tìnnì, òwú àti sípù fún àwọn télọ̀ ní Ọjà'ba. Tó bá wo ẹ̀wù tí bọ́tìnnì rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan péré, á ti mọ èyí tó bá a mu. "Irú èyí ti tán ní Gbági," á ní, "mú eléyìí. Ọkọ rẹ ò ní mọ ìyàtọ̀." Kì í fẹ́ ìdọ̀tí, kì í fẹ́ ariwo, bó bá sì ti là á lẹ́nu pé bẹ́ẹ̀ ni, kò ní padà sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Orúnkún ló lé e kúrò lọ́jà. Dókítà ní kó má jókòó sórí àpótí kúkúrú mọ́, torí òun ló ń da orúnkún rẹ̀ láàmú. Ló bá fa ìsọ̀ lé Mujeebat ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sílé. Ìgbà tó jókòó sílé tán ló tó mọ̀ pé ariwo ọjà ò tó nǹkan.

Ìdí igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé ni ariwo ti ń wá. Igi náà ti dàgbà, ẹ̀ka rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, òjìji rẹ̀ sì tutù débi pé àwọn bàbá mẹ́ta kan ti gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ibẹ̀ di ọ́fíìsì. Àlájì Gàfárù, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ alápatà, lohùn rẹ̀ ròkè jù. Bàbá Misbaudeen wa tírélà lọ sí Kánò fún ọdún gbọọrọ, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Ẹnì kẹta wọn, Tíṣà Ọlátúndé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, máa ń rìn wá láti Máàpó pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábíyá. Kò sí ohun tí wọn ò lè jiyàn lé lórí: bọ́ọ̀lù, ìjọba, ẹni tó kọ́kọ́ wọ bàtà gogoro ládùúgbò.

Ìyá Jubril ò sì lè jáde kí wọ́n má dá sí i. "Ìyá Jubril, ẹ tún ń lọ?" "Ìyá Jubril, ẹ ti dé? Kí lẹ rà bọ̀?" Tí ewé fúrúùtù bá wọ́ sílẹ̀, òun náà ni yóò gbá a. Tí ìgbálẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn bàbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa bá ìjiyàn wọn lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ń jiyàn bóyá adìẹ máa ń lá àlá. Ìyá Jubril ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àílà tán, ó fẹ́ rẹjú. Àlájì Gàfárù fi ohùn tó fi ń lé màlúù pariwo pé, "Mo ní mo fojú ara mi rí i! Ó ń sùn, ó ń sá!" Ìyá Jubril dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ó tán," ló wí. "Igi yìí á lọ."

Ó sọ fún àwọn ará ilé pé gbòǹgbò igi ń ya ògiri. Ògiri ya lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ya kí ẹnikẹ́ni tó gbin igi síbẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Muhydeen, ọkùnrin kan ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tó ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi. Muhydeen gun òkè, ó so okùn, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, igi ti wà nílẹ̀. Àwọn bàbá mẹ́ta dúró ní òdìkejì títì, wọ́n káwọ́ lérí. Tíṣà tiẹ̀ ṣí fìlà. Ìyá Jubril ń wò wọ́n lójú fèrèsé, ó fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má baà rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Muhydeen kó ẹ̀ka àti ewé lọ lọ́jọ́ náà. Ìtì igi márùn-ún tó gé lára igi náà ló ṣẹ́ kù sílẹ̀, wọ́n ki pọ́pọ́.

"Màmá, ọ̀la ni mò ń fi mọ́tò wá kó wọn," ló wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ọ̀la Muhydeen ò dé títí dòní. Bí Ìyá Jubril bá pè é, á ní òun ti wà lọ́nà. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n gé igi, Ìyá Jubril jí, ó tẹ́tí sílẹ̀ kó gbọ́ bí ilé tó dákẹ́ ṣe ń rí. Ohùn Àlájì Gàfárù ló gbọ́.

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́! Ó dáa ju bẹ́ǹṣì wa lọ. Kò mì rárá!"

Ó yọjú. Àwọn bàbá náà ti yí ìtì igi káàkiri, wọ́n tò wọ́n bí àga pálọ̀. Wọ́n ti ri agbòjò ńlá kan mọ́lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pín nígbà ìbò. Bí Bàbá Misbaudeen ṣe gbúròó ilẹ̀kùn, ó dìde, ó nawọ́ sókè.

"Ìyá Jubril, Ọlọ́hun á san yín lẹ́san o! A ò tiẹ̀ sọ pé à ń fẹ́ àga, ẹ ti rò ó fún wa."

Wọ́n rò pé nítorí àwọn ló ṣe gé igi! Ohun tó tún burú ni pé èèyàn mẹ́ta ni bẹ́ǹṣì tẹ́lẹ̀ ń gbà, ìtì igi ń gba mẹ́wàá. Ọmọbìnrin oní-POS kan gbé tábìlì rẹ̀ wá síbẹ̀. Àwọn tó ń dúró gba owó ń rí ibi jókòó, wọ́n sì ń dá sí ọ̀rọ̀. Àwọn ọlọ́kadà náà dara pọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ariwo ti di ìlọ́po mẹ́ta.

Ni Ìyá Jubril bá gbéra, ó ń wá ẹni tí yóò ra ìtì igi. Ó kọ́kọ́ pe ọkùnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì ní Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, tó ṣì ń fi igi dáná. Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá igi níbí, ó gbá a lọ́hùn-ún, ó mi orí.

"Màmá, igi yìí tutù. Tí mo bá kì í sínú ààrò, búrẹ́dì tó máa jáde á máa wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ fẹ́ sí i ná."

Àárín òjò ni wọ́n wà nígbà náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ló pe alápákó kan. Ìyẹn ò tiẹ̀ pẹ́ rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa ara igi, ó rí ìṣó. Ó yí òdìkejì, ìṣó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti ń kan nǹkan mọ́ igi fúrúùtù náà: àwòrán àwọn tó ń du ipò, ìkéde ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní lẹ́sìnnì, ẹ má tọ̀ síbí. Ìyá Jubril fúnra rẹ̀ ti kan pákó mọ́ ọn rí pé A KÒ TA ILÉ YÌÍ.

"Ìṣó tó wà nínú igi yìí tó fi kọ́ ilé, màmá," ni alápákó wí. "Ayùn mi á kán." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Ìyá Jubril ní kò burú, òun ò tà á mọ́, òun á fi tọrẹ. Ó kọ ọ́ sí Wásáàpù ẹgbẹ́ alásàlátù pé: "Ẹ̀yin ìyá mi, igi ọ̀fẹ́ wà níwájú ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá kó o." Èsì rọ́ dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Àmín." "Àmín yà Ọlọ́hun." "Máṣá Alláhù." Ẹnìkan fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́, ó ní ẹ kú Jímọ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló béèrè ọ̀rọ̀ gidi, ó ní: "Ṣé ẹ máa bá wa gbé e wá sí Ọjọ́ọ̀, kẹ́ ẹ sì bá wa là á?"

Inú bí i. Ó lọ tọrọ ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló sì da gbogbo rẹ̀ sórí ìtì igi. Ó ní ká wo ẹni tó máa fi aṣọ funfun jókòó síbẹ̀. Ó padà sílé, ó dúró sẹ́yìn fèrèsé.

Imú Bàbá Misbaudeen ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó fa òórùn náà símú bí ẹni tó gbóòórùn ilé bàbá rẹ̀.

"Ọ́ìlì! Ẹ ò rí obìnrin yìí? Ó gbọ́n! Ikán ò tún ní fẹnu kan igi yìí láé."

Wọ́n lọ kó páálí wá, wọ́n tẹ́ ẹ sórí igi, wọ́n jókòó. Wọ́n wá rán Tíṣà lọ síwájú fèrèsé. Tíṣà wú ikọ́, ó tún fìlà dé.

"Ìyá Jubril, lórúkọ gbogbo àwa tí à ń jókòó síbí, ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa tọ́jú ohun ìní wa."

Ìyá Jubril pa fèrèsé dé. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni àbí kí òun rẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìjiyàn tẹlifíṣọ̀n. Àlájì Gàfárù ló ní ilé Èjìdé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò. Bàbá Misbaudeen ní irọ́ ni, ilé bàbá aránṣọ ni. Ìyá Jubril wà ní yàrá, ó ń gbọ́. Ó tan rédíò, ó ṣì ń gbọ́. Ó dìde, ó rìn dé kọ̀rọ̀, ó padà. Nígbà tí wọ́n wá jọ fẹnu kò pé ilé Èjìdé náà ni, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ̀ ń purọ́! Ilé bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà ni! Èmi alára wà níbẹ̀!"

Ó jókòó sórí páálí kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó sọ bí bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà ṣe máa ń ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fọ ẹsẹ̀ kó tó wọlé wá wòran. Ó sọ bí kìnnìún ṣe yọ lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kan, tí àwọn ọmọ ya jáde, tí Gàfárù kan tí òun ò ní dárúkọ bàbá rẹ̀ sì sá dé Bẹẹrẹ láìwẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́kadà fi ẹ̀rín dojú bolẹ̀. Àlájì Gàfárù ń wo ilẹ̀.

"Ẹlẹ́rìí dé," ni Tíṣà wí. "Ẹjọ́ ti parí."

Ìyá Jubril ò dìde títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Nígbà tó máa dìde, ó retí kí orúnkún dùn ún, kò dùn ún. Ìtì igi náà ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ká. Ó wọlé, ó bá ara rẹ̀ wí gan-an. Lọ́jọ́ kejì, ó ní òun kàn fẹ́ sá aṣọ ni. Aṣọ kan ṣoṣo ló gbé jáde, ọ̀sán ló sì wọlé.

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Mujeebat mú ẹni tó fẹ́ igi wá láti ọjà. Ishaq lorúkọ rẹ̀, odó ló ń gbẹ́. Ó wo ìtì igi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìṣó ò dí òun lọ́wọ́, àáké lòun fi ń ṣiṣẹ́, tóun bá ti rí i, òun á yọ ọ́.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ lẹ fẹ́?" ni Ìyá Jubril bi í.

"Gbogbo ẹ̀ pátá, màmá."

Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó wo àwọn bàbá mẹ́ta, àwọn náà wò ó. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ká páálí wọn. Ṣùgbọ́n ó ti là á lẹ́nu pé ẹni tó bá fẹ́ kó wá kó o.

"Ẹ kó o," ló wí, ó sì yíjú sí ilé.

Ishaq ní kí òun fẹ̀yìn rin píkọ́ọ̀pù wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí Bàbá Misbaudeen dá sí i, àmọ́ awakọ̀ ò ní rí ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn kó dákẹ́. Ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń fọwọ́ júwe.

"Máa bọ̀! Máa bọ̀! Gé e sọ́tùn-ún! Ọ̀tún tèmi, kì í ṣe tìrẹ! Máa bọ̀, àyè pọ̀!"

Gbàgà! Táyà ẹ̀yìn rì sínú gọ́tà.

Gbogbo àdúgbò jáde. Olúkúlùkù ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọkọ̀ nínú gọ́tà, olúkúlùkù ló sì ń sọ tirẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n yí ìtì igi méjì sábẹ́ táyà, Ishaq tẹná, ọkọ̀ fò jáde, ìtì igi méjèèjì há sínú gọ́tà gbọnin. Wọ́n gbé méjì sórí ọkọ̀. Wọ́n wá dojú kọ ẹ̀karùn-ún, èyí tó tóbi jù. Èèyàn mẹ́wàá dì í mú, Àlájì Gàfárù ní "Ó yá, bísímílà!", ohun kan ya. Ṣòkòtò Àlájì ni.

Ishaq nu òógùn. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n máa lọ báyìí. Ẹ bá mi fi àwọn tó kù yẹn sílẹ̀ fún ara yín."

"Ọlọ́hun ló mọ ohun tó ń ṣe," ni Ìyá Jubril dáhùn, ó sì yára jókòó sórí ìtì igi ńlá náà kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Wọ́n padà yọ àwọn méjì tó há, wọ́n gbé wọn dábùú gọ́tà, ó di afárá tí wọ́n ń gbà wọlé. Bẹ́ǹṣì àtijọ́ tún jáde, wọ́n gbé e ti ìtì igi ńlá náà. Nígbà tó yá, Ishaq gbé odó kan wá fi dúpẹ́. Odó náà dán, ó rẹwà, àmọ́ bílẹ́ńdà ni Ìyá Jubril fi ń lọ ata. Ó ní kí wọ́n gbé e síta ná.

Lọ́jọ́ tí Tíṣà pẹ́ dé, gbogbo àyè ti kún. Ó wo odó náà, ó fẹ́ rọra bà lé e.

"Áà! Tíṣà!" Àlájì Gàfárù fò dìde. "Wọn kì í jókòó lórí odó!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Bàbá Misbaudeen ní òun mọ awakọ̀ kan tó jókòó sórí odó ní Fùntùá, táyà mẹ́rin ló bẹ́ lọ́jọ́ náà. Tíṣà ní títì ló fà á, kì í ṣe odó. Wọ́n kọjú sí Ìyá Jubril.

"Odó mi ni," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ jókòó kó kọ́kọ́ dojú ẹ̀ dé, kí n lè mọ̀ pé òjò ò ní rọ̀ sínú ẹ̀."

Tíṣà dojú odó dé, ó jókòó. Àlájì Gàfárù ní èyí tí wọ́n dojú ẹ̀ dé tún burú jù. Ọmọbìnrin oní-POS ní ìyá òun ń jókòó sórí tiwọn, kò sóhun tó ṣe é. Ó ti di igbe nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì. Ìyá Jubril dìde, ó fa ìborùn sórí, ó nawọ́ sí gbogbo wọn.

"Ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ dé yẹn o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ kan mọ́ títí màá fi kírun tán."